Kí Wólewólé Tó Béèrè Rìsíìtì

Oòrùn ti mú ganrínganrín lórí títì tó gba àárín Ìsánlú kọjá. Ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ti Kàbà bọ̀, tó gba Mọ̀pà, tó sì ń lọ sí Ìlọrin, ti yà sẹ́bàá ọ̀nà. Awakọ̀ àti ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ ti bọ́ sílẹ̀, wọ́n ń nu òógùn ojú. Odó ń dún lẹ́yìn búkà. "Okun o, ẹ wọlé," ni ìyá olóúnjẹ fi kí wọn, ó sì ti ń ṣí kúlà kí wọ́n tó jókòó. Ó mọ̀ pé iyán ló yà wọ́n síbẹ̀.

Ẹ wo ọwọ́ rẹ̀. Abọ́ omi kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kúlà. Ó ki ọwọ́ bọ omi, ó bu iyán, ó rọ ọ́ títí ó fi rí róbótó, ó gbé e sáwo, ó tún ki ọwọ́ bọ omi. Awakọ̀ na owó sí i. Ọwọ́ yẹn náà ló fi gbà á. Oníbàárà mìíràn dé, ọwọ́ tún padà sínú abọ́ omi. Láti àárọ̀ ni omi náà ti wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn rẹ̀, ọmọbìnrin kan ń fọ abọ́ nínú bàsíà méjì. Omi ọṣẹ wà nínú ọ̀kan, omi tí wọ́n fi ń ṣan abọ́ wà nínú èkejì. Epo ti léfòó lórí omi ìṣanbọ́ náà, ṣùgbọ́n ọmọ náà kò tíì ní dà á nù. Kẹ́ẹ̀gì méjì péré ló kù, owó ni wọ́n sì fi ń ra omi.

Ọ̀bùn kọ́ ni ìyá yìí o. Ó ti gbálẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, gèlè wà lórí rẹ̀, àwo rẹ̀ ń dán. Irú rẹ̀ ló wà nínú ọ̀pọ̀ búkà lójú ọ̀nà wa: obìnrin tó mọ́ tónítóní, tí kò sí omi tó tó fún un, tí ẹnikẹ́ni kò sì jókòó tì í rí láti ṣàlàyé ohun tí abọ́ omi iyán lè gbé wọnú ikùn ènìyàn.

Bí igbe bá wá ta pé wólewólé ń bọ̀, a mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀. Àwọn kan á sáré bo ọbẹ̀ àná mọ́lẹ̀. Àwọn tó kù á máa tú báàgì wá rìsíìtì káńsù. Ẹni tí ìwé rẹ̀ bá pé, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa béèrè abọ́ omi náà.

Ibẹ̀ gan-an ni mo rò pé ọ̀rọ̀ ti wọ́. Ìjọba ní ẹ̀tọ́ láti bẹ búkà wò, ó sì pọn dandan kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀wò tó bá ti orí rìsíìtì bẹ̀rẹ̀, tó sì parí síbẹ̀, kò lè dáàbò bo ẹni tó ń jẹun.

Ọwọ́ ta ni búkà wà?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé NAFDAC ló ni gbogbo ọ̀rọ̀ oúnjẹ. Àjọ náà, tí òfin ọdún 1993 dá sílẹ̀, ló ń mójú tó oúnjẹ inú páálí, inú ike àti inú ọ̀rá tó ní nọ́ńbà lára, pẹ̀lú oògùn àti omi inú ọ̀rá. Iyán orí tábìlì kò ní nọ́ńbà.

Òfin Ìpìlẹ̀ ọdún 1999 ti sọ ibi tí iyán wà. Nínú Àfikún Kẹrin rẹ̀, níbi tó ti ka iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, ó fi àbójútó ilé oúnjẹ, ilé búrẹ́dì àti gbogbo ibi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ fún aráàlú lé káńsù lọ́wọ́. Ilé ìpẹran, ọjà, ibùdókọ̀ àti ilé ìyàgbẹ́ ìgboro wà nínú ìwé kan náà. Ní Ìsánlú, tó jẹ́ olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Yàgbà, ẹ̀ka ìlera káńsù ni ọ̀rọ̀ yìí já lé léjìká. Kò já lé Lọ́kọ́ja léjìká tààrà, bẹ́ẹ̀ ni kò já lé Àbújá.

Àwọn tí òfin gbé iṣẹ́ náà fún ni òṣìṣẹ́ ìlera àyíká. Láti ọdún 2002 ni òfin ti dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tó ń forúkọ wọn sílẹ̀, tó sì ń fún wọn ní ìwé àṣẹ iṣẹ́, gẹ́gẹ́ bí àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì ṣe ní tiwọn. Iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ kì í ṣe gbígba owó. Wọ́n kọ́ nípa omi, ìdọ̀tí, kòkòrò, ẹran àti àrùn. Bí a bá wá rán irú ẹni bẹ́ẹ̀ jáde pẹ̀lú ìwé rìsíìtì nìkan, a fi ìmọ̀ rẹ̀ ṣòfò.

Láti ayé tanwíjí

Wólewólé, orúkọ tí àwọn bàbá wa fún òṣìṣẹ́ yìí, kò tíì kúrò lẹ́nu wa títí dòní. Ó ń wọlé, ó ń yọjú sínú ìkòkò omi bóyá tanwíjí wà níbẹ̀, ó ń wo ẹ̀yìnkùlé, ó sì ń kọ orúkọ baálé ilé tó bá lùgbàdì òfin.

Dókítà Isaac Ladipo Oluwole wà lára àwọn tó fi ìpìlẹ̀ iṣẹ́ náà lélẹ̀ nílẹ̀ wa. Òun ló dá ilé ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó sílẹ̀ ní Yábàá ní ọdún 1920, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí ní iṣẹ́ wólewólé. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn inú ara eku bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó ní 1924, tó sì jà fún ọdún bíi mélòó kan, àwọn wólewólé wà lára àwọn tó dojú kọ ọ́. Àrùn tó ń pa ènìyàn bí ẹni ń gbá ewé ni. Kò yani lẹ́nu pé wọ́n fi agbára wọlé onílé nígbà yẹn.

Agbègbè Yàgbà wà lábẹ́ Kàbà Province nígbà náà, nínú Ìjọba Àríwá, ó bọ́ sí Kwara lẹ́yìn náà, kó tó di ara Kogi nígbà tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ náà sílẹ̀ ní August 1991. Ìjọba ń yí padà, ojú ìbẹ̀rù tí aráàlú fi ń wo wólewólé kò yí. Ìjọba ológun Buhari àti Ìdíàgbọn tún fi kún ìbẹ̀rù náà láti 1984, nígbà tí wọ́n gbé ogun ti ìwà àìlófin dìde. Ọjọ́ ìmọ́tótó oṣooṣù tó jáde látinú rẹ̀ ṣe ìlú láǹfààní, èmi kò ní bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ṣùgbọ́n ohun tó kù lọ́kàn ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé ìmọ́tótó jẹ́ ohun tí a ń ṣe nítorí àṣẹ, tí a sì lè fi sílẹ̀ bí aláṣẹ bá ti kọjá.

Ohun tí ojú kò rí

Ní ọdún 2015, Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) gbé ìṣirò kan jáde. Wọ́n ní ẹgbẹ̀ta mílíọ̀nù ènìyàn ni oúnjẹ ń kó àìsàn bá lágbàáyé lọ́dún, 420,000 nínú wọn ló sì ń kú. Ní ẹkùn Áfíríkà nìkan, ó lé ní 91 mílíọ̀nù tó ń ṣàìsàn, 137,000 sì ń kú. Nílẹ̀ wa, ní 2021, àjọ NCDC, tó ń gbógun ti àjàkálẹ̀ àrùn, ka èèyàn tó lé ní 111,000 tí wọ́n fura sí pé ó kó kọ́lẹ́rà, 3,604 sì kú. Omi àti oúnjẹ tí ìgbẹ́ bà jẹ́ ni kọ́lẹ́rà ń gbà wọlé.

Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ náà ṣòro ni pé oúnjẹ tó léwu kì í sábà rùn. Ẹni tó ní egbò lọ́wọ́ tàbí tó fọwọ́ nu imú lè fi kòkòrò kan sínú ìrẹsì tútù. Kòkòrò náà á pọ̀ sí i, á sì tu oró rẹ̀ sínú oúnjẹ. Bí ìyá olóúnjẹ bá wá gbé ìrẹsì yẹn kaná ní ìrọ̀lẹ́, iná á pa kòkòrò. Oró tó ti tu sílẹ̀ kò ní lọ. Ìdí nìyí tí ẹni tó jẹ oúnjẹ tó ń hó yaya fi lè máa bì láàárín wákàtí díẹ̀, tí ìyá olóúnjẹ á sì búra, láìpurọ́, pé gbígbóná lòun ta á.

Ìkòkò ńlá náà ní tirẹ̀. Ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tó kún ìkòkò, tí a sọ̀ kalẹ̀ ní alẹ́, á tutù lójú, àárín rẹ̀ á sì lọ́ wọ́ọ́rọ́ títí di òru. Wọ́ọ́rọ́ yẹn gan-an ni kòkòrò ń fẹ́. WHO sọ ọ́ pé oúnjẹ tí a sè kò gbọdọ̀ wà ní ìta ju wákàtí méjì lọ: kó gbóná ju 60 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius, tàbí kó tutù tó 5. Fíríìjì tí kò rí iná kò lè mú un tutù tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n a lè bu ọbẹ̀ náà sínú abọ́ fífẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin kó tètè tutù, ká sì gbé e hó dáadáa láàárọ̀, kí ó má kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ọ̀nà tó dára jù lọ ni kí a se ìwọ̀n tó máa tán.

Ní ilẹ̀ Okun, tí Yàgbà wà nínú rẹ̀, eku náà jẹ́ ọ̀rọ̀ oúnjẹ. Kogi wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí ibà Lassa ti ń yọjú, ìtọ̀ àti ìgbẹ́ èkúté ló sì ń gbé e kiri. Èlùbọ́ àti gààrí tí a sá sẹ́bàá títì, tàbí tí a fi sínú àpò tó ṣí ẹnu sílẹ̀ lóru, oúnjẹ èkúté ni kó tó di tiwa. Ike onídèérí kan á gba ìyá olóúnjẹ lọ́wọ́ èyí, ẹni tó bá sì bá a rí owó ike náà ti ṣe iṣẹ́ ìlera.

Àyẹ̀wò tí kò sẹ́ni tó fẹ́ ṣe

Ọ̀kan lára ohun tí káńsù ń béèrè káàkiri Nàìjíríà ni ìwé ẹ̀rí àyẹ̀wò fún ẹni tó ń fọwọ́ kan oúnjẹ. Wọ́n á yẹ ìgbẹ́ àti ẹ̀jẹ̀ wò, wọ́n á wá àrùn bíi taifọ́ọ̀dù.

Ìtàn Mary Mallon ló ṣàlàyé rẹ̀ jù lọ. Asè-oúnjẹ ni obìnrin náà ní New York. Ilé tó bá ti ṣiṣẹ́, taifọ́ọ̀dù á wọ ibẹ̀, òun fúnra rẹ̀ kò sì ní ìbà. Ní 1907, wọ́n mú un, wọ́n rí i pé kòkòrò náà ń gbé inú rẹ̀ láìpa á lára. Wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1910 lórí ìlérí pé kò ní se oúnjẹ tà mọ́. Iṣẹ́ aṣọ fífọ̀ tí wọ́n wá fún un kò mówó wọlé bí iṣẹ́ oúnjẹ. Nígbà tó di 1915, wọ́n bá a ní ilé ìwòsàn kan níbi tó ti ń se oúnjẹ lábẹ́ orúkọ mìíràn, taifọ́ọ̀dù sì ti wọ ibẹ̀ náà. Àdádó ló kú sí ní 1938.

Ìtàn yìí ni àwọn olùkọ́ ìlera fi ń kọ́ni pé àyẹ̀wò ṣe pàtàkì. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n mo rí ẹ̀kọ́ kejì nínú rẹ̀, èyí tí a kì í sábà sọ: ìlú tó ní kí obìnrin fi iṣẹ́ sílẹ̀, tí kò sì fún un ní ohun tí yóò máa fi jẹun, ló ti í padà sídìí ìkòkò.

Ohun tí àwọn ìyá olóúnjẹ máa ń sọ nípa àyẹ̀wò kò yàtọ̀ láti ìlú dé ìlú. Owó rẹ̀ wà lọ́rùn wọn. Ọjọ́ tí wọ́n bá lọ ilé ìwòsàn, wọn kò ní tajà. Ọmọ tó ń bá wọn fọ abọ́ lè kúrò lóṣù tó ń bọ̀, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Bí àbájáde bá sì burú, kò sẹ́ni tó máa sọ fún wọn ju pé kí wọ́n ti búkà. Nítorí náà, àwọn kan á wá ẹni tó lè bá wọn rí ìwé náà láì fi ìgbẹ́ sílẹ̀. Mo kórìíra àṣà yìí, nítorí pé ó sọ ìwé ìlera di ẹ̀tàn. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó ń bá wọn wí kọ́kọ́ ṣírò ohun tí àyẹ̀wò tòótọ́ ń ná wọn.

Àwọn onímọ̀ ìlera fúnra wọn á sì sọ fún ọ pé ìwé àyẹ̀wò, bó ti wù kó jẹ́ òótọ́ tó, ọjọ́ tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ló ń jẹ́rìí sí. Àyẹ̀wò Widal tí a gbára lé fún taifọ́ọ̀dù máa ń ṣi ènìyàn lọ́nà. Ọwọ́ fífọ̀ pẹ̀lú ọṣẹ lẹ́yìn ilé ìyàgbẹ́ ń dáàbò boni lójoojúmọ́, ìgbà tí ìwé bá sì ti gbó nínú báàgì, ó ṣì ń ṣiṣẹ́.

Ọdún tí ẹran ìgbẹ́ di èèwọ̀

A ti rí ohun tí ìkìlọ̀ láìsí ìrànlọ́wọ́ ń ṣe. Ní July 2014, Ebola wọ Èkó. Ogún ènìyàn ló mú ní Nàìjíríà, mẹ́jọ kú, wọ́n sì kéde ní October ọdún yẹn pé ó ti kúrò nílẹ̀ wa. Iṣẹ́ ribiribi ni àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ṣe. Ṣùgbọ́n ní gbogbo àkókò náà, ìkìlọ̀ tó ń ti orí rédíò dé etí àwọn tó ń ta ẹran ìgbẹ́ ni pé ẹran náà lè kó Ebola ranni, kí wọ́n dáwọ́ dúró. Ní ilẹ̀ tí òòyà àti ẹtu jẹ́ ara ohun tí arìnrìn-àjò ń yà jẹ, ọjà àwọn ọdẹ àti ìyá olóúnjẹ ṣubú lójijì. Kò sẹ́ni tó yá wọn lówó láti fi ra ẹja tàbí adìyẹ dípò rẹ̀. Nígbà tí ìbẹ̀rù rọlẹ̀, ẹran ìgbẹ́ padà sínú ìkòkò, ó sì jọ pé ìkìlọ̀ náà kò wáyé rí.

Níbi tí wọ́n ti fi omi ṣáájú

Singapore náà ní ìṣòro oúnjẹ ojú títì nígbà kan. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló ń ta oúnjẹ lójú títì níbẹ̀, omi ìdọ̀tí wọn ń ṣàn sínú odò. Ìjọba kọ orúkọ wọn sílẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1960. Láti 1971 ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ gbàgede oúnjẹ fún wọn: omi ẹ̀rọ, ojú àgbàrá, iná àti ilé ìyàgbẹ́ wà níbẹ̀. Ọdún 1986 ni wọ́n kó àwọn tó kù lójú títì wọlé tán. Òfin le, ṣùgbọ́n a gbé omi síwájú ènìyàn ká tó ní kó fọwọ́. Ní 2020, UNESCO kọ àṣà gbàgede oúnjẹ náà sínú ìwé ogún àṣà ọmọ aráyé.

Ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá ti ń ta àmàlà àti iyán, òfin mìíràn ló wà. Ẹni tó bá fẹ́ ṣí ilé oúnjẹ gbọ́dọ̀ fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ káńsù ní ọjọ́ 28 ó kéré tán kó tó bẹ̀rẹ̀, kọ́bọ̀ kan kò sì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwé ìtọ́sọ́nà wà fún un lọ́fẹ̀ẹ́ láti ọ̀dọ̀ àjọ ìjọba tó ń rí sí oúnjẹ, tó ṣàlàyé bí a ṣe ń se oúnjẹ, tí a ń mú un tutù, tí a sì ń fọ ibi ìdáná. Lẹ́yìn èyí ni wólewólé tiwọn á dé láìsọ tẹ́lẹ̀, á sì fún un ní máàkì láti òdo dé márùn-ún. Láti 2010 ni wọ́n ti ń ṣe é. Ní Wales, ọ̀ràn-an-yàn ni kí ilé oúnjẹ lẹ máàkì náà síta láti 2013, kí ẹni tó fẹ́ wọlé jẹun lè rí i.

Èmi kò sọ pé kí Ìsánlú di Lọ́ńdọ̀nù. Ètò tí wọ́n fi ṣe é ni mo ń wò: ìforúkọsílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ̀kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, lẹ́yìn náà ìbẹ̀wò. Tiwa ń bẹ̀rẹ̀ láti ìdí wá sí orí.

Ohun tó wà níkàáwọ́ káńsù

Ní July 11, 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ pàṣẹ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ tààrà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn káńsù kárí Nàìjíríà ti ń sọ pé àwọn kò rówó epo ọ̀kadà tí wólewólé máa gùn lọ sí abúlé. Bí owó náà bá dé, ìlà àwọn olóúnjẹ tó wà lẹ́bàá títì yẹ kó wà lára ibi àkọ́kọ́ tí a ó ti rí i.

Ẹ̀rọ omi kan sítòsí ìlà náà, pẹ̀lú ojú àgbàrá tí omi abọ́ á máa gbà lọ, á ṣe ju ọgọ́rùn-ún ìwé ìkìlọ̀ lọ. Ilé ìyàgbẹ́ tó ní omi àti ọṣẹ ló tẹ̀ lé e. Káńsù lè mú àyẹ̀wò wá sí ọjà lọ́jọ́ kan, kí àwọn olóúnjẹ má bàa ti búkà láti lọ wá a, kó sì san owó rẹ̀ fún ẹni tó bá wá gba ẹ̀kọ́ wákàtí méjì. Ẹni tí wọ́n bá bá àrùn lára rẹ̀, kí wọ́n tọ́jú rẹ̀, kí wọ́n sì jẹ́ kó padà sídìí iṣẹ́.

Èdè tí a ó fi kọ́ni náà ṣe kókó. Ìwé ìtọ́sọ́nà tó jẹ́ Òyìnbó láti òkè délẹ̀ kò wúlò fún ẹni tó jẹ́ pé Yàgbà ló ń sọ. Ọjọ́ keje oṣù June ni Ọjọ́ Ààbò Oúnjẹ Lágbàáyé, láti 2019 ni wọ́n sì ti ń ṣe é. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, wólewólé lè gbé ìkòkò kaná lójú ọjà, kó fi ọbẹ̀ hàn wọ́n, kó fi abọ́ iyán hàn wọ́n.

Àwọn ìyá olóúnjẹ náà ní ohun tí wọ́n lè ṣe láìdúró de ẹnikẹ́ni. Ṣíbí onígi ńlá lè bu iyán dípò ọwọ́. Ọ̀rá tó mọ́ lè rọ ọ́. Ọmọ ẹ̀yìn búkà lè máa gba owó, kí ẹni tó ń bu oúnjẹ má fọwọ́ kan náírà. Omi tí a ti sè lè rọ́pò èyí tó wà nínú abọ́ kékeré náà ní gbogbo wákàtí. Iná tó ń jó lábẹ́ ìkòkò lè sè é.

Ohun kan kù tó ṣòro jù gbogbo èyí lọ. Bí ènìyàn mẹ́ta tó jẹun níbì kan náà bá ń bì, tí wọ́n ń ṣu, ó yẹ kó jẹ́ ìyá olóúnjẹ ló máa kọ́kọ́ sọ fún ẹ̀ka ìlera, kó sì fi díẹ̀ nínú oúnjẹ náà sílẹ̀ fún àyẹ̀wò. Lónìí kò lè sọ ọ́, nítorí ó mọ̀ pé pátákó búkà òun ni wọ́n máa já. Kí káńsù kéde pé ẹni tó bá tètè sọ, omi rẹ̀ ni wọ́n á kọ́kọ́ yẹ̀ wò, wọ́n á ràn án lọ́wọ́ láti fọ ibi iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n á sì ní kó ṣí i padà. Nọ́ńbà àjọ NCDC, 6232, kò gba owó lọ́wọ́ ẹni tó bá pè é. Ó yẹ kó wà lára ògiri gbogbo búkà láti Mọ̀pà dé Ẹ̀gbẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà ní Yorùbá, pẹ̀lú nọ́ńbà wólewólé tó ń mójú tó àdúgbò náà lábẹ́ rẹ̀.